Ìtọ̀ ń ta mí láti ọdún méjì, àyẹ̀wò ò rí kòkòrò kankan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ń kọ èyí. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wa, orí ẹ̀ ni mo jókòó sí, torí bí mo bá padà lọ sùn, kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa màá tún dìde. Ìgbà kẹsàn-án rèé láti alẹ́ àná.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ó ti lé lọ́dún méjì tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ṣe ń kún ni ìsàlẹ̀ ikùn mi á máa dùn mí, bíi kí wọ́n fi ata lílọ̀ sójú egbò. Bí mo bá tọ̀ tán, ara á tù mí fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó tún dé. Mo lè wà lẹ́nu kí n máa gé àǹkárá oníbàárà, màá fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ sáàárín aṣọ, màá sáré wọlé. Ìtọ̀ tí mo sì sáré lọ tọ̀ náà kì í pọ̀, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí ni.

Kẹ́míìsì ojú títì wa ní "toilet infection" ni. Mo lo Cipro, mo lo Flagyl, mo gba abẹ́rẹ́ Genta ọjọ́ márùn-ún, mo tún padà sórí Cipro. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti lo áńtíbáyọ́tíìkì láàárín ọdún méjì yìí. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ sí i: kòkòrò kankan ò hù. Dókítà tí mo lọ bá kẹ́yìn sọ fún mi lójú ọkọ mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, kí n dín ìrònú kù. Látọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń wò mí bákan, bíi pé mo kàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí irú èyí rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí o sọ. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rántí ara mi ní 2009. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kí ẹnì kan tó dárúkọ àìsàn náà fún mi: interstitial cystitis. Wọ́n tún ń pè é ní bladder pain syndrome. Kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé, mú un dání bí o bá ń lọ rí dókítà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń tètè wá sí lọ́kàn.

Bí wọ́n ṣe là á yé mi rèé. Inú àpò ìtọ̀ ní awọ fẹ́lẹ́ kan, ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá sì bo awọ náà, òun ni kì í jẹ́ kí ìtọ̀ kan ẹran ara. Ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ìdọ̀tí tí kíndìnrín sẹ́ látinú ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ dókítà ni pé lára àwa tí a ní àìsàn yìí, ohun yíyọ̀ náà ti fẹ́lẹ́ jù tàbí ó ti já láwọn ibì kan. Ìtọ̀ wá ń jò wọ ẹran ara, awọ á pọ́n, á wú, iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ò sì ní dákẹ́ mọ́. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ kékeré á máa ṣe èèyàn bíi pé àpò ti kún dẹ́nu. Ṣé o rí i pé kò sí kòkòrò nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn? Kí wá ni Cipro fẹ́ pa níbẹ̀?

Àìsàn yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1887 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Alexander Skene ti lo orúkọ yẹn ní Amẹ́ríkà. Ní 1915, Guy Hunner ní Baltimore ṣàpèjúwe egbò kan tó rí lára ògiri àpò ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ń jẹ irú ìrora tí ò ń jẹ yìí, egbò Hunner ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Mo ń sọ ọ́ kí ọkọ rẹ náà lè kà á. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé ìrora yìí wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú ìfaradà, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Òótọ́ ni Àǹtí Peckham sọ, àmọ́ ẹ má tíì fi orúkọ àìsàn náà lé ara yín lórí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìtọ̀ kan tó ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìyí. Ìgbà tí a bá ti yọ gbogbo àwọn tó jọ ọ́ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan la tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2022 sọ pé kí ìrora náà ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kí wọ́n má sì rí kòkòrò tàbí ohun mìíràn tó fà á. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ti kọjá ẹ̀. Èyí tó kù la fẹ́ mọ̀.

Ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà yín wò? Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga máa ń tọ̀ léraléra, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tiẹ̀ máa ń pọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀kán. Ṣé ẹ ti ya síkáànì, kí wọ́n wo òkúta, kí wọ́n wo bóyá fáíbírọ́ìdì ló ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wo ìtọ̀ tó ṣẹ́kù sínú lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán?

Ṣé ẹ ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kà á dúró sí díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kódà bí kò bá dunni, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ òkúta, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wọ kíndìnrín, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Mo ti rí ẹni tó fi ọdún kan gbáko mu egbòogi lé e lórí kó tó wá sọ́dọ̀ wa.

Tí ẹ bá fẹ́ tún culture ṣe, ìyẹn àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n fi ń wò bóyá kòkòrò á hù, ẹ má ṣe é nígbà tí áńtíbáyọ́tíìkì ṣì wà lára yín, yóò fi kòkòrò pamọ́ ni. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi omi lásán ṣan ojú ara. Ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ ṣàn lọ, ti àárín ni kí ẹ gbà sínú ìgò, kí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ìtọ̀ tó ti wà nínú báàgì láti àárọ̀ dọ̀sán nínú ooru, kò sí ohun tí kò lè hù nínú ẹ̀.

Ẹ tún wá ìwé kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fi kọ aago tí ẹ tọ̀, bó ṣe pọ̀ tó, ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu, àti bí ó ṣe dùn yín sí. Ẹni tó bá mú irú ìwé yẹn dání wọ ọ́fíìsì dókítà, wọ́n máa ń fetí sí i.

Ọmọ Ìmàlà

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti dárúkọ àtọ̀sí ajá ni mo fẹ́ bá wọn dá sí. Ẹ̀bá dáàmù Ọyán ni mo dàgbà sí, lápá Abẹ́òkúta. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọmọkùnrin tó bá tọ ẹ̀jẹ̀, a rò pé ó ti ń bàlágà ni. Inú omi yẹn la ti ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń fọṣọ, ibẹ̀ làwọn bàbá wa ti ń pẹja.

Ìgbín omi kan báyìí, kékeré, ló ń gbé aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá. Yóò kúrò lára ìgbín, yóò gba awọ ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú omi wọlé, yóò sì lọ tẹ̀dó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin tó ń yé ló ń há sínú ògiri àpò náà. Ògiri á wú, á nípọn, á le, tí wọn ò bá sì tọ́jú ẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti kúrò nílé tipẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ó ti lé lógójì ọdún kó tó mọ̀ pé odò ìgbà èwe ló ṣì ń dà á láàmú. Culture kò rí nǹkan kan lára ẹ̀ rí, torí culture kì í wá ẹyin aràn.

Mà, tí ẹ bá ti wọ odò tàbí adágún rí, ẹ ní kí wọ́n fi máíkíróskóòpù wá ẹyin náà. Àárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀ yẹn, ìgbà yẹn ló ń jáde jù. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí ara èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀, 40mg fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Eléwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ewé àti egbò ni mò ń tà láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n. Èmi náà ní agbo àtọ̀sí, àwọn kan sì wà tó bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti kíyè sí i pé àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti mu ún, ṣe ló tún máa ń le sí i. Kí ló fà á? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ọ́.

Apòògùn

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Kí ni ẹ fi ń rẹ agbo náà? Tó bá jẹ́ ògógóró, ọtí wà lára ohun tó ń bí àpò ìtọ̀ tó ti bó nínú. Tó bá jẹ́ omidùn, tàbí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, kíkan rẹ̀ náà ń ta á. Ewé lè máà ní ẹjọ́ kankan nínú ẹ̀, kó jẹ́ omi tí a fi rẹ ẹ́ ló ń fa wàhálà. Ẹni tí inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ bó kò gbọdọ̀ mu irú ẹ̀, àti pé ó dáa kí gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó tà á fún wọn.

Àǹtí aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ Cipro dúró. Àwọn dókítà ti fẹnu kò lórí èyí: áńtíbáyọ́tíìkì ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í wo àìsàn yìí. Cipro lè ba okùn iṣan gìgísẹ̀ jẹ́, àwọn kòkòrò tó wà lára á sì mọ̀ ọ́n lára débi pé lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ṣiṣẹ́.

Oògùn tí dókítà máa ń kọ́kọ́ kọ fún ìrora yìí nígbà púpọ̀ ni amitriptyline. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀, torí mo ti rí i tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Tí ẹ bá ka ìwé inú páálí rẹ̀, ẹ máa rí i pé fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Oníbàárà mi kan, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gba ìwé náà kà, ló bá figbe ta pé oògùn wèrè ni wọ́n ń fún ìyàwó ọmọ òun. Kì í ṣe oògùn wèrè o. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, ó máa ń mú kí iṣan tó ń gbé ìrora rọlẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn sùn. 10mg lálẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, tí dókítà á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹnu á máa gbẹ, ìgbẹ́ lè le, èèyàn lè máa tòògbé láàárọ̀. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, tàbí ojú ríru tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tàbí tó ń lo Tramadol, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un.

Pentosan náà wà, Elmiron lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Láti 1996 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, ìrètí sì ni pé yóò tún ohun yíyọ̀ tí Àǹtí Peckham sọ yẹn ṣe. Láti 2018 ni àwọn oníṣègùn ojú ti ń rí i pé ó lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ lára àwọn tó bá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á fún yín láti òkè òkun, ẹ má lò ó láìjẹ́ pé dókítà ojú kọ́kọ́ wò yín.

Bàbá Tíṣà, Òṣogbo

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ojú ń tì mí láti dá sí i. Ọkùnrin ni mí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, mo sì ní in.

Prọ́síteèti ni gbogbo ayé pe tèmi. Bí ọkùnrin ọjọ́ orí mi bá ti lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun lóru, ẹnikẹ́ni kì í ronú ohun mìíràn mọ́. Mo lo oògùn prọ́síteèti fún ọdún mẹ́ta. Bí mo bá ń lọ s'Ékòó, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mò ń jókòó, mo máa ń gbé ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà sábẹ́ agbádá, màá sì ti gbààwẹ̀ omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Nígbà tí wọ́n wá ki kámẹ́rà sínú àpò ìtọ̀ mi ní ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n ti fún mi lóògùn oorun, egbò Hunner méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n pọ́n kankan. Wọ́n fi iná jó wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sùn mọ́jú.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní egbò yẹn, díẹ̀ la jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ láìwo inú. Ó tún padà wá lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, wọ́n tún jó o. Mo ti gba pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Ohun kejì tó ràn mí lọ́wọ́ ni fisiotẹ́rápì. Arábìnrin tó ń tọ́jú mi sọ pé iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí mi le bí okùn ìlù, torí ọdún tí mo ti fi ń fún ara mọ́ ìrora. Èmi ti lọ kọ́ eré ìdárayá Kegel lórí fóònù, pé kéèyàn máa fún ibẹ̀ kó sì tú u, mò ń ṣe é ní igba lóòjọ́. Ó ní kí n jáwọ́, pé ṣe ni mò ń dá kún ìrora. Títú iṣan yẹn sílẹ̀ ni mo nílò, mímí láti inú ikùn, kíkúnlẹ̀ kí n sì na ọwọ́ síwájú bí ọmọ tó ń sùn. Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí o máa ṣe Kegel, bi wọ́n dáadáa kí o tó ṣe é.

Aránṣọ Bódìjà

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ tù yín lára.

Mo ti kọ ìwé ọjọ́ mẹ́ta. Mo lo ìgò tí ọmọ mi fi mu mílíìkì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí àmì mílílítà wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 110, èyí tó kéré jù jẹ́ 40. Ṣúgà mi dáa, síkáànì dáa. Mo lo ìsinmi ní ìlú ìyá mi létí odò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà mo ní kí wọ́n wá ẹyin aràn yẹn, wọn ò rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a ṣe ìsọmọlórúkọ ládùúgbò, tí mo mu ife zobo méjì, ìgbà mọ́kànlá ni mo dìde lóru.

Àpò ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, mélòó ló ń gbà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó máa ń tó 400 sí 500, mà. Ẹ mú ìwé yẹn tọ dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó bá súnmọ́ yín. Ẹ má padà sí kẹ́míìsì.

Àlùbáríkà, Ìwó

As-salaamu alaykum. Àǹtí mi, zobo yẹn gan-an ni! Ó kan, àti kíkan náà ni gbogbo wàhálà. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi, torí obìnrin Yorùbá ò lè sọ pé òun ò ní jẹ ọbẹ̀.

Oṣù kan ni mo fi yẹra fún gbogbo ohun tí wọ́n ní ó máa ń bí i: tòmátì, ata, ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, zobo, kọfí, Lipton, mínírà, obì, àti fítámì C pẹlẹbẹ tí a máa ń jẹ bíi súìtì. Mo ń jẹ àmàlà àti ewédú tí kò ní ọbẹ̀ ata, iṣu, ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin, ẹja tútù tí mo fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sè, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oúnjẹ náà ò dùn rárá, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn oṣù náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé tàtàsé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Tòmátì ló burú fún mi, pàápàá ti inú agolo. Gaàrí kíkan náà burú, gaàrí tí kò kan ò ṣe nǹkan. Ara wa ò rí bákan náà, èyí tó ń bí tèmi lè máà bí tìrẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o dán an wò fúnra rẹ.

Ohun tó dá mi lóró jù ni ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Tí mi ò bá mu omi láti sààrì, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ìtọ̀ mi á ti pọ́n bí epo, á sì máa jó mi bí iná. Mo fi pamọ́ fún ọdún méjì kí n tó lọ bá Àlùfáà wa. Wọ́n ní aláìsàn ní ìyọ̀ǹda láti ṣínu, kó san án padà nígbà tí ara bá le. Wọ́n tún bá mi wí pé kí ló dé tí mo ń pa ara mi. Má fi omi du ara rẹ nítorí pé o ò fẹ́ tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa mu ún látàárọ̀, kí o dín in kù bí alẹ́ bá ti ń lẹ́.

Ó tún máa ń le sí i bí nǹkan oṣù mi bá ku ọjọ́ díẹ̀. Kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹnì kankan ò tíì sọ, mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ. Ọ̀rọ̀ yàrá. Tó bá ń dùn ọ́ nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá wà pa pọ̀, tó sì tún ń dùn ọ́ ní ọjọ́ kejì, ara àìsàn náà ni. Sọ ọ́ fún un kó má bàa rò pé òun lo kọ̀. Mú un dání lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ìgbà tí ọkọ tèmi rí àwòrán inú àpò ìtọ̀ mi lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré yẹn, kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àtìgbà náà, òun ló ń bu omi gbígbóná sínú ike tí mo máa ń gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn.

Tí oògùn ẹnu ò bá tó, wọ́n lè da oògùn sínú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n ń gbà, wọ́n á da oògùn olómi náà sí i, o ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, o ó wá tọ̀ ọ́ dànù. Mo ti gba DMSO, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà láti 1978. Odindi ọjọ́ kan ni ẹnu àti ara mi fi ń rùn bí aáyù. Èyí tí mò ń gbà báyìí ni hyaluronic acid, lóṣooṣù. Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ mo mọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Aránṣọ Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù mẹ́rin ti kọjá, mo ní mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú sí ibi tí mo fi sí.

Dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kí n jókòó dáadáa, ó ní, "Mo gbà yín gbọ́." Mo sunkún níbẹ̀. Wọ́n ki kámẹ́rà wò ó. Kò sí egbò Hunner, kò sí jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n fi omi na àpò ìtọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ yọ ní àmì tó-tò-tó lára ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, pé ó máa ń wà lára ẹni tí kò ní àìsàn náà. Ìrora mi, ìwé mi àti àwọn àyẹ̀wò tí kò rí nǹkan ló fi pè é ní orúkọ tí Àǹtí Peckham pè é.

Amitriptyline 10mg ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti wà lórí 25mg. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ débi pé mo rán apá aṣọ kan mọ́ ọrùn. Ó ti lọ báyìí. Mo ń lọ fún fisiotẹ́rápì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí tí ìrora ò tíì le, mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un kí n tó lọ, mo fi ń kọ́ àpò náà ni. Lánàá mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóru. Ìgò ọmọ mi ti kan 190.

Ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi dìde, mi ò sì mọ ohun tí mo jẹ. Ṣùgbọ́n àpótí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ yẹn, ọkọ mi ti gbé e padà sí ilé ìdáná. Òun ló gbé e.

Ìyàwó tuntun, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun fún gbogbo èyí, ẹ̀yin àǹtí mi. Gbogbo ohun tí Àǹtí aránṣọ kọ ló ń ṣe mí, ó ti tó oṣù kan. Mo lóyún oṣù márùn-ún. Ṣé mo lè ra amitriptyline yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Rárá, ọmọ mi. Má rà á. Tìrẹ yàtọ̀ sí tiwọn. Nínú oyún, kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ kó máà tilẹ̀ dunni, ó sì lè gun kíndìnrín, ó lè mú kí ọmọ wá kí ọjọ́ tó pé. Culture ni kí o kọ́kọ́ ṣe, bí wọ́n bá sì rí kòkòrò, ìwọ ní láti lo áńtíbáyọ́tíìkì tí wọ́n bá kọ fún ọ, kí o lò ó tán. Bí wọn ò bá rí i, kí dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ mọ̀ nípa ìrora náà. Lọ́la ni kí o lọ sí ibi tí o ti ń gba ìtọ́jú oyún, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Tí ibà bá gbé ọ lálẹ́ yìí, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, lọ lálẹ́ yìí. Kọ èsì rẹ̀ síbí fún mi, mò ń retí ẹ̀.